Ohun Tí Jàfárù Pè Ní Ìbáwí

Ojú-ewé mẹ́rin péré ni ìwé tí Jàfárù kọ, òun ló sì fa ikú wọ inú omi. Kì í ṣe pé ó gbèrò ibi. Bó bá jẹ́ pé ó gbèrò ibi ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá rọrùn. À bá bú u tán, ká máa bá tiwa lọ. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ohun tó ṣe é ni pé ó mọ nǹkan púpọ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti mọ díẹ̀ nínú wọn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko n'Íbàdàn, ó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, nígbà tó sì fi máa di 1994, ilé ìwádìí kan ní College Park ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Falilat ń gbé ilé kékeré kan ní Hyattsville, ilé tó máa ń mì tìtì bí bọ́ọ̀sì bá ti ń kọjá. Nọ́ọ̀sì ni Falilat, ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, wákàtí méjìlá ló sì máa ń fi ẹsẹ̀ dúró láàárín àwọn tí ìbọn bà àti àwọn tí ọ̀bẹ gún. Ọmọ wọn àkọ́kọ́, Rayyan, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Nítorí rẹ̀ ni ìyá Jàfárù ṣe wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, kó lè wá máa wẹ ọmọ, kó sì máa pọ̀n ọ́n. Ìyá náà ò lè na apá òsì rẹ̀ tán. Láti ìgbà tí Jàfárù ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni apá yẹn ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣubú ni. Bí gbogbo agbo ilé ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí Jàfárù ń ṣe lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹja nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ẹja ni mo pè é, àmọ́ kì í ṣe ẹja ní tòótọ́, nítorí ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Irú àbùùbùtán kan ni, dúdú ní ẹ̀yìn, funfun ní ikùn, tó tún ní funfun lẹ́yìn ojú. Gígùn rẹ̀ tó ọkọ̀ akẹ́rù. Orca ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn òyìnbó apẹja sọ ọ́ láyé àtijọ́ ni apààyàn.

Orúkọ yẹn ni wọ́n fi hùwà sí i. Bí wọ́n bá ti rí i lójú omi, ìbọn ni. Àwọn ìwé àtijọ́ kan tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá já sómi níwájú rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa múra òkú. Ìgbà tó di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni wọ́n mú díẹ̀ láàyè, wọ́n kó wọn sínú odò àtọwọ́dá tó yí ká bí abọ́, àwọn onímọ̀ sì jókòó tì wọ́n. Ìgbà náà ni ẹnu yà wọ́n. Apààyàn gba ẹja lọ́wọ́ èèyàn, ó la ẹnu sílẹ̀ kí wọ́n máa họ ahọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ, á kọ oúnjẹ, á máa ké títí. Wọ́n gbọ́ pé ohùn ìdílé kan yàtọ̀ sí ti ìdílé kejì. Ohun tí wọ́n rí nínú ìgbèkùn yẹn ló jẹ́ kí àwọn mìíràn padà sí òkun gidi lọ wò wọ́n pẹ̀lú ojú tuntun, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn ìdílé kan níbẹ̀, ọmọ kì í kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo, títí ikú. Gbogbo èyí ni Jàfárù mọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà lórí tábìlì rẹ̀, ife tíì rẹ̀ ló sì máa ń gbé lé e.

Àwọn tí Jàfárù ń wò, abo méjì ni wọ́n, nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní apá gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń mú wọn fò sókè kí àwọn ọmọdé lè pàtẹ́wọ́. Duchess ni wọ́n ń pe àgbà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún nínú omi yẹn. Pearl ni ìkejì. Inú òkun mìíràn ni wọ́n ti mú un, ẹgbẹ̀rún máìlì sí ti Duchess, kò sì tíì ju ọdún méjì lọ tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pearl lóyún oṣù mẹ́rìnlá. Oṣù mẹ́tàdínlógún ni irú wọn fi ń lóyún, nítorí náà ó ku díẹ̀.

Àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀. Géètì irin ló wà láàárín wọn; wákàtí kan péré ni wọ́n ń ṣí i lójúmọ́, kámẹ́rà á sì máa ya ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi. Ọgbà náà fẹ́ kí wọ́n máa gbé pọ̀ nínú odò ńlá. Wọ́n wá bẹ ọ̀gá Jàfárù, Dókítà Weems, pé kó wo àwọn fídíò náà kó sọ bóyá ewu wà níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó ti fi ogún ọdún ka ìwé lórí àbùùbùtán ni Weems, ṣùgbọ́n Jàfárù ló ń jókòó ka iye ìgbà tí ọ̀kan bá kọlu èkejì. Ọ̀rọ̀ tí Jàfárù bá sọ ni Weems máa gbà, ọ̀rọ̀ tí Weems bá sọ ni ọgbà máa gbà. Ẹ̀mí Pearl àti ti ọmọ inú rẹ̀ wà lẹ́nu bíírò Jàfárù.

Ká má purọ́, Jàfárù mọ iṣẹ́. Eyín ni àwọn ẹranko yìí máa ń fi fa ara wọn lára ya, àpá rẹ̀ a sì tò bí ìlà. Àwọn ẹlòmíràn á wo àpá náà, wọn ò ní rí ju àpá lọ. Jàfárù tó kọ àbàjà mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ibi tí wọ́n ti ń wo ojú èèyàn mọ ilé baba rẹ̀, ló wò ó lọ́jọ́ kan tó sọ pé ìlà mẹ́rin, àyè òfìfo, ìlà méjì, Duchess nìyẹn, nítorí eyín kan ti yọ lẹ́nu rẹ̀ lápá òsì. Wọ́n yẹ ẹnu Duchess wò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Inú Weems dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Jeff," ni Weems wí, nítorí ọdún mẹ́jọ ò tó o láti pe Jàfárù, "ojú rẹ yìí, kí ló tún ń rí?"

Ibẹ̀ gan-an ni Jàfárù ti ṣìnà. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìkọlù ni ìjà. Ó sọ ìtàn agbo ilé baba rẹ̀ fún un, bí Ìyá Ameenah tó jẹ́ ìyálé ṣe máa ń tọ́ àwọn ìyàwó sọ́nà, tí ilé náà sì tòrò minimini. Ó pa òwe fún un: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Bí ẹni tó wọlé lẹ́yìn bá ti mọ ipò rẹ̀, lílù á dópin. Ó ní, "Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe." Weems mú bíírò, ó fa ìlà la ìwé tí wọ́n fi ń ka ìkọlù sí méjì: apá ọ̀tún fún ìjà, apá òsì fún ìbáwí. Bí ẹni tí wọ́n kọlù bá kọlù padà, ìjà ni. Bí ó bá yẹra tí kò ṣe nǹkan kan, ìbáwí ni.

Ẹ wo òfin náà dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ bà tí kò fọhùn, àlàáfíà ni wọ́n kà á sí. Bí oyún Pearl ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò kọlù padà mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni apá ọ̀tún ìwé ń ṣófo tí apá òsì ń kún. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, Jàfárù fi ìwé olójú-ewé mẹ́rin ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ fáàsì. Ó kọ ọ́ pé ìjà ti tán, àgbà ti gba àbúrò. Ó ní kí wọ́n ṣí géètì ní Mọ́ńdè, kí wọ́n sì tì í padà bí Pearl bá ti kọjá, kí ó má bàa máa sá padà sí àyè tirẹ̀. Weems ti fọwọ́ sí i.

Ní Sátidé, páálí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé, Jàfárù sì gbé ọ̀kan sínú ẹ̀rọ fídíò nínú pálọ̀. Ọ̀sán ni. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga, Rayyan sùn sí i láyà. Nínú tẹlifíṣọ̀n, Duchess wá láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré, ó fi orí gbá Pearl ní ẹ̀gbẹ́. Ó dún gbì. Ó yí padà, ó fi eyín fà á láti ẹ̀yìn ọrùn dé ẹ̀bá ìrù, awọ ṣí, ẹ̀jẹ̀ sì ń tàn lọ nínú omi bí epo pupa tó dà sínú ìkòkò. Pearl gbọ̀n. Ó yí ara rẹ̀ sí ògiri. Jàfárù fa ìlà kan sí apá òsì ìwé.

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn yẹn?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Ìyálé àti ìyàwó ni, Màmá. Ìyálé ń bá ìyàwó wí."

"Kí lo wá kọ sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ pé ìbáwí ni. Ẹ ò rí i pé kò bá a jà padà? Ó yẹra fún un."

"Kò yẹra. Dá a padà sẹ́yìn."

Ó dá a padà. Gbì. Eyín. Ẹ̀jẹ̀. Ìyá ní kó tún dá a padà. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà dìde, ó gbé ọmọ lé èjìká, ó sì lọ fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n.

"Wo ibi tó gbé ikùn sí. Ó gbé e sára ògiri. Ẹ̀yìn ló gbé fún ẹni tó ń lù ú. Jàfárù, ẹja yẹn lóyún."

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Òun àti ọmọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi náà ti fi ẹ̀yìn gbà á rí."

"Màmá, ẹ̀yin ṣubú ni."

Falilat ti wọlé láti ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bàtà funfun rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rayyan, gbogbo wọn ló máa ń ṣubú. Ọ̀kan wá sí emergency láàárọ̀ yìí, ó ní òun ṣubú lórí stairs. Àpá ìka ọkọ ẹ̀ máràárùn-ún ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú chart pé fall, torí ohun tó sọ nìyẹn. Èmi náà kọ irọ́ náà sílẹ̀."

Ìyá ò wo Falilat. Jàfárù ló ń wò. "Ta ló sọ pé mo ṣubú?" ló bi í, jẹ́jẹ́.

Jàfárù yọ kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò nínú ẹ̀rọ. Nǹkan kan fẹ́ yọjú nínú orí rẹ̀, ó tì í padà. Ó ní òun níṣẹ́ láti ṣe, ó sì kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì oṣù méje sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá báyìí: níbo ni ikùn Pearl wà? Ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta ìkọlù ló ti kọ sí apá òsì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Àìkú, ó ti rí i pé ikùn wà lára ògiri nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Kò síbi tí Pearl ti yẹra. Ó dúró kó gbà á sẹ́yìn ni.

Ó wá ṣí ìwé tó máa ń gbé ife tíì lé. Ọmọ kì í kúrò lẹ́yìn ìyá. Ó ti ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, kò kàn án ní igi imú rí. Bí ọmọ kì í bá kúrò lẹ́yìn ìyá, ta ló ń wá ṣe ìyàwó nílé ta? Nínú agbo ilé àwọn ẹranko wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń gbé ìyàwó wọlé. Kò sí ìyálé níbẹ̀, kò sí orogún. Èèyàn ló já àwọn méjì gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, ó kó àlejò méjì tí kò gbọ́ ohùn ara wọn sínú abọ́ omi kan, ó tìlẹ̀kùn. Jàfárù tó mọ àpá ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ló wá gbé agbo ilé baba rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn wọ inú omi lọ bá wọn.

Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri pálọ̀, ọmọ ta jí, ó bú sẹ́kún. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Láti Hyattsville dé Greenbelt tí Weems ń gbé kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó fi méjìlá dé ibẹ̀. Weems ń gbá ewé gbígbẹ jọ níwájú ilé.

"Ẹ dá ìwé yẹn padà," ni Jàfárù wí. Kò tilẹ̀ kí i.

"Jeff, ìgbà mẹ́ta lo ka kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn."

"Mo kà á ní àkàṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ìbáwí níbẹ̀. Wọ́n ń lù ú ni. Bí wọ́n bá ṣí géètì yẹn, wọ́n á pa ọmọ inú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún un lójú ibẹ̀, lórí ewé. Ojú Weems funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kò bá a jiyàn. Ó sáré wọlé, ó pe ọgbà náà lórí fóònù. Ọ́fíìsì wọn ti tì nítorí Àìkú; ẹ̀rọ ló dáhùn, ó ní kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò ní nọ́ńbà ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí College Park, Jàfárù fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sórí ìwé pé KÍ WỌ́N MÁ ṢÍ GÉÈTÌ, ó sì fi ránṣẹ́ títí tí ẹ̀rọ fáàsì fi gbóná. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Ọjọ́bọ̀ ti bọ́.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ní Mọ́ńdè ni ẹnìkan gbé fóònù lọ́hùn-ún. Olórí àwọn tó ń kọ́ àwọn ẹranko náà ní eré ni, ọkùnrin kan tó ń mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n ti ṣí géètì láago mẹ́fà ààbọ̀ kí èrò tó dé. Ìwé Jàfárù ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ fáàsì nínú ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. "A ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́," ni ọkùnrin náà ń wí ṣáá. "A tì í padà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, kásẹ́ẹ̀tì ti Mọ́ńdè náà dé. Weems ní òun ò lè wò ó. Jàfárù gbé e lọ sílé, ó wò ó lọ́sàn-án gangan.

Pearl kọjá. Géètì tì. Duchess yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo, ó wá. Ìkọlù àkọ́kọ́ gbé Pearl kúrò nínú omi débi tí òòrùn fi kan ikùn rẹ̀. Pearl sá padà sí ẹnu géètì, ó rí i pé ó ti tì, ó gbé ikùn lé irin rẹ̀. Ó gbà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹrin. Eyín ń fà á ya, ìlà mẹ́rin, àyè, ìlà méjì, lórí àpá tí kò tíì jinná. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Duchess ò wá láti ẹ̀yìn. Ó rì sísàlẹ̀, ó gba abẹ́ wá kó lè rí ikùn náà. Pearl tí kò kọlù padà mọ́ láti ìgbà tí oyún ti wúwo yí padà, ó sọ orí sílẹ̀ bí òkúta. Àgbọ̀n Duchess pàdé rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí pákó bá kán.

Ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni Duchess fi kú. Egungun tó kán náà ti gé iṣan ńlá kan ní orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ihò tó fi ń mí ní àtàrí rẹ̀ jáde. Bó bá ti mí, ẹ̀jẹ̀ á fọ́n sókè, á rọ̀ sórí àwọn àga funfun tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sí. Àwọn èèyàn wọ bàtà omi, wọ́n ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀kan bọ́ sómi dé ìbàdí, ó kàn dúró síbẹ̀. Nígbà tí Duchess bẹ̀rẹ̀ sí í rì, Pearl gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Jàfárù mú bíírò, ó rò pé ó tún fẹ́ kọlù ú ni. Pearl gbé e. Ó fi ẹ̀yìn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn gbé ẹni tó lù ú sókè kó lè mí. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kẹrin, kò gbé e mọ́.

Ọmọ inú Pearl bọ́ ní ọjọ́ kejì Mọ́ńdè yẹn. Abo ni, ó ti kú kó tó bọ́. Egungun ìhà mẹ́ta ló kán lára rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ń so padà, ìyẹn ni pé kì í ṣe Mọ́ńdè ló kán. Inú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sẹ̀ tí Jàfárù ń fa ìlà sí apá òsì ló ti kán.

Lẹ́yìn náà, òun àti Weems kọ ìwé mìíràn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí àwọn ń pè ní ìwà ẹranko yìí, ìwà odò àtọwọ́dá ni. Pé láyé àtijọ́, ìgbèkùn ló kọ́ èèyàn pé apààyàn kì í ṣe apààyàn, àpá inú ìgbèkùn náà ló sì kọ́ àwọn pé ẹni tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá lè wá di apààyàn. Jàfárù fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ àṣìṣe òun síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òun. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún jù nìyẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Jàfárù ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá ń fi òrí pa Rayyan lára, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, ó fi ti òsì di ọmọ mú lásán. Jàfárù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ bi mí pé ta ló sọ pé ẹ ṣubú."

"Mo bi ẹ́."

"Èmi ni."

Ohun tó ń tì padà nìyẹn. Ní Ìsẹ́yìn ni, lẹ́yìn ìrun alásàrí, baba rẹ̀ ṣì jókòó lórí ẹní ìkírun. Òun nìkan ló wà nínú ilé nígbà tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà òun ni baba pè. Ìyá Ameenah dúró lẹ́yìn baba, ẹran tí obìnrin náà bu fún Jàfárù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn Jàfárù, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Baba ní, "Jàfárù, kí lo rí?" Ó ní, "Ìyá Ameenah ń bá màmá mi wí ni. Màmá mi ń sá ni wọ́n fi ṣubú." Baba ní ó parí, ọmọ tí ìyá Jàfárù bí ló sọ ọ́. Nínú yàrá kejì, ìyá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí àkísà, oyún oṣù mẹ́fà ti bọ́.

"Ògiri lásán ló wà láàárín wa," ni ìyá wí. Kò dá òrí pípa dúró. "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Mo ní kí n jẹ́ kó dàgbà, á tún un sọ. O dàgbà. O di dókítà. O sọdá òkun, o lọ jókòó ti òyìnbó, o sì kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé ìbáwí ni."

Omi ń bọ́ lójú Jàfárù, ó ń gba inú àbàjà rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Ìyá fi aṣọ wé ọmọ, ó gbé e sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá ẹ ti kú. Ìyá Ameenah ti kú. Èmi nìkan ló kù nílé ẹjọ́ yẹn." Ó dojú kọ ọ́. "Jàfárù, kí lo rí?"

Jàfárù gbé ojú sókè, ó wo apá òsì ìyá rẹ̀.

"Ọmọ odó ni Ìyá Ameenah mú," ló wí. "Ẹ gbé ikùn sára ògiri. Wọ́n ń lù yín lẹ́yìn, ẹ ò kúrò. Ikùn ni wọ́n ń wá. Ẹ wá fi apá òsì dí i, wọ́n sì lu apá náà títí tó fi kán, kí wọ́n lè rí ikùn yín gbá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rí mi. Ẹ pe orúkọ mi."

Ìyá rẹ̀ mi orí.

"Ẹ ò sá, Màmá," ni Jàfárù wí. "Ẹ ò ṣubú."